Òdo ni "A Dúpẹ́"

Gbọ́mọgbọ́mọ ti dúró sẹ́nu ọ̀nà kí Àrinọlá tó dé.

Orúkọ tí ìjọba kọ sí i láyà ni Olùtọ́mọ, ṣùgbọ́n ta ni yóò pe kẹ̀kẹ́ tó ń gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá ní olùtọ́mọ? Funfun ni, kò ga ju àpótí ìjókòó lọ, táyà mẹ́fà ló fi ń rìn, ikùn rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ gbayawu, wọ́n tẹ́ tìmùtìmù pẹlẹbẹ sínú rẹ̀. Ooru díẹ̀ ń jáde níbẹ̀, kí òtútù má baà mú ọmọ tí yóò gbé. Bí ó ti rí Àrinọlá tó ń bọ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó yí ara rẹ̀ sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin tí wọ́n fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Àwọn obìnrin mọ́kànlá tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì sún sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà, oníkálukú di ọmọ tirẹ̀ mú.

Láti inú yàrá àyẹ̀wò, Dókítà Ìbírónkẹ́ Àṣàmú ń wò wọ́n gba inú gíláàsì. Gbogbo ojú tó kù ń wo ọmọ, ẹsẹ̀ ìyá ni tirẹ̀ ń wò. Ó ti pé ọdún mẹ́wàá tí ẹnikẹ́ni ti ní kí ó wo ẹsẹ̀ èèyàn gbẹ̀yìn, nítorí ẹ̀rọ ló ń wò ó báyìí, ṣùgbọ́n ojú tó ti mọ iṣẹ́ kì í fẹ̀yìn tì. Àrinọlá kò gbé ẹsẹ̀ rárá. Ó ń wọ́ ọ nílẹ̀ ni, ọwọ́ òsì lára ògiri. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, kò yí ọrùn, kò yí ìbàdí, odidi ara ló yí lẹ́ẹ̀kan, orúnkún méjèèjì lẹ̀ mọ́ra wọn. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló pọn ọmọ. Ìyẹn nìkan tó ẹ̀rí. Abiyamọ wo ni yóò jẹ́ kí ẹlòmíràn bá òun pọn ọmọ oṣù mẹ́ta wá síbi tí wọ́n ti fẹ́ gbà á, bí ó bá lè pọn ọn fúnra rẹ̀?

"Ẹ jókòó, Màmá," Ìbírónkẹ́ wí fún ìyá ọkọ nígbà tí wọ́n wọlé. Màmá Bánjọkọ ni wọ́n ń pè é, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ẹnu rẹ̀ mú.

"Mo fẹ́ dúró, Dókítà. Bí mo bá jókòó, ọmọ á sún mọ́ ilẹ̀, nǹkan ẹnu ọ̀nà yẹn á tó o."

Àrinọlá gbìyànjú ẹ̀ẹ̀mẹta kó tó gun bẹ́ẹ̀dì. Ní ìgbà kẹta, bẹ́ẹ̀dì náà fúnra rẹ̀ lọ sílẹ̀ wá bá a, wọ́n ti kọ́ ọ ní ìwà. Ó dùbúlẹ̀, ọ̀pá róbótó tó yí bẹ́ẹ̀dì ká sì tan iná aró, ó gba orí àyà rẹ̀ kọjá lọ sí orúnkún, ó tún padà, ó ń ya àwòrán eegun rẹ̀. Ẹ̀rọ Ayẹ̀bàdí ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé. Ṣaraale ni gbogbo ìlú Òkè-Ààbò ń pè é, nítorí ìbéèrè tó fi ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fún un ní ohùn ìyá àgbà, ohùn ẹni tó mọ èèyàn í kí, tí ẹsẹ̀ rẹ á fẹ́ kúnlẹ̀ fúnra rẹ̀ bí o bá gbọ́ ọ.

"Ẹ kú ewu ọmọ o, ìyá wa."

"Ewu iná kì í pa àwòdì," Àrinọlá dáhùn. Ó ti fi eyín di eyín.

"Ṣé ara le?"

"A dúpẹ́, Mà."

"Ìbàdí ńkọ́? Ẹ̀yìn ńkọ́? Ṣé kò sí o?"

"A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run."

"Ṣé ẹ lè gun àtẹ̀gùn?"

"À ń gbìyànjú. Ọlọ́run ń ràn wá lọ́wọ́."

"Ẹ ṣeun, ìyá wa. Ọlọ́run á wo ọmọ."

Iná aró kú. Ọ̀rọ̀ yọ lára ògiri, lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà tí ẹni tó wà lórí bẹ́ǹṣì níta náà lè kà: EEGUN: Ó TI PADÉ. ÌRORA: ÒDO. Ó YẸ FÚN ÌGANNÁ. ÌGBÀ KẸTA. Lábẹ́ rẹ̀ ni àmì róbótó kan wà, ó tó àtàǹpàkò.

"Ẹlẹ́rìí," ẹ̀rọ náà wí, "ẹ jọ̀wọ́, ẹ fọwọ́ sí i. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ló wà."

Ìbírónkẹ́ ni ẹlẹ́rìí. Ìyẹn ni gbogbo iṣẹ́ tó ṣẹ́kù fún èèyàn nínú yàrá náà, kí ẹnì kan tẹ àtàǹpàkò sí ohun tí ẹ̀rọ bá wí. Ní ogójì ọjọ́ lẹ́yìn ìbímọ ni ìyá kọ́kọ́ ń wá. Bí ẹ̀rọ bá ní ó yẹ, tí kò sì gun Ìganná lọ ru búlọ́ọ̀kù tí wọ́n fi ń dá òkun dúró, wọ́n á tún pè é lẹ́yìn oṣù kan, wọ́n á tún pè é lẹ́yìn oṣù mìíràn. Ẹni tó bá yẹ nígbà mẹ́ta tí kò gbé ẹsẹ̀, òfin ní ọ̀lẹ ni, ọ̀lẹ kì í sì í tọ́ ọmọ ìlú. Àtẹ̀gùn Ìganná jẹ́ ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá. Ọkọ Àrinọlá ti wà lókè níbẹ̀ láti ìgbà òjò, wọn kò tíì jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀ wá wo ọmọ.

Ní ẹnu ọ̀nà, Gbọ́mọgbọ́mọ gbé ohùn orin rẹ̀ sókè díẹ̀.

Ìbírónkẹ́ kò tẹ nǹkan kan. Ó fa àga, ó jókòó ti bẹ́ẹ̀dì.

"Àrinọlá, mo rí bí o ṣe rìn wọlé. Kí ló dé tí o kò sọ fún un?"

"Sọ kí ni, Mà?"

"Pé ó ń dùn ọ́."

"Ṣé ó bi mí ni?"

"Ó bi ọ́. Ó ní ṣé ara le."

Àrinọlá wò ó bí ẹni tí àgbà ń bá ṣeré nígbà tí kò yẹ. "Ìyẹn, ó kí mi ni, Mà. Ohùn tó tó ìyá mi kí mi, mo sì dá a lóhùn. Ṣé kí n wá máa ka àrùn sílẹ̀ fún ẹni tó ń kí mi kú ewu? Wọ́n kọ́ mi nílé."

"Ta ní í fi àìsàn dáhùn ìkíni?" Màmá Bánjọkọ gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀, Dókítà. Ẹni tí wọ́n bá kí, 'a dúpẹ́' ló ń wí, ì báà jẹ́ ẹ̀mí ló ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹni tó kí i á wá fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á ní, 'Èmi àti ẹ nìkan ló kù, sọ òótọ́ fún mi, kí ló ń ṣe ọ́ gan-an?' Ìgbà yẹn lèèyàn ń sọ̀rọ̀."

"Ẹ̀rọ yìí ò tíì fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan rí," Àrinọlá wí.

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ìbírónkẹ́ lára. Ó sún àga rẹ̀ mọ́ bẹ́ẹ̀dì, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Àwa nìkan ló kù báyìí. Sọ òótọ́ fún mi. Kí ló ń ṣe ọ́ gan-an?"

Ọmọbìnrin náà kọ́kọ́ wo òkè àjà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ wá, ó wá lápapọ̀.

"Iwájú níbí ni, Mà, níbi tí eegun méjèèjì ti pàdé. Bí ẹni fi àáké la igi ìdáná ló ń ṣe mí. Bí mo bá yí lórí ẹní, mo ń gbọ́ ọ tó ń dún kẹ́, ọkọ mi pàápàá ti gbọ́ ọ nígbà oyún kó tó lọ. Mi ò lè dúró lẹ́sẹ̀ kan wọ pátá, mo ní láti jókòó bí ọmọdé. Lẹ́yìn ìbàdí lọ́tùn-ún, tó bá gbóná níbẹ̀, ẹsẹ̀ mi a kàn kọ̀ mí sílẹ̀. Ọmọ mi á sunkún, ibi tó wà sí mi ò ju ìṣísẹ̀ márùn-ún lọ, mo sì ń rákòrò lọ bá a. Mà, mo ń rákòrò. Ọmọ ò tíì mọ̀ ọ́n rá, ìyá rẹ̀ ló ń rá."

Màmá Bánjọkọ yíjú sí ògiri. Ó dájú pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí òun náà gbọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ inú ilé kan náà ni wọ́n ń gbé.

Ìtìjú mú Ìbírónkẹ́, ìtìjú tó gbóná létí. Nítorí kì í ṣe ẹ̀rọ ló ṣẹ obìnrin yìí. Ẹ̀rọ kò mọ ju ohun tí wọ́n kọ́ ọ lọ. Òun Ìbírónkẹ́ ló kọ́ ọ.

Ọdún méjìlá sẹ́yìn, nígbà tí òkun fọ́ Ìganná àkọ́kọ́, ìgbìmọ̀ ìlú fẹ́ mọ iye ìyá tí ìbàdí ṣì ń dùn lẹ́yìn ogójì ọjọ́. Wọ́n gbé ìwádìí náà fún un, nítorí pé òun ló mọwọ́ jù nínú àwọn tí ń to eegun nígbà náà. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin obìnrin. Ẹ̀rọ ló bi wọ́n, nítorí ọwọ́ èèyàn kò yá tó. Nígbà tí ìdáhùn dé, òun nìkan ló jókòó tó ń fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n: "ó ń pa mí" jẹ́ mẹ́wàá, "ó ń ro mí" jẹ́ márùn-ún, "ó ń ta mí" jẹ́ mẹ́ta. Iṣẹ́ gidi ni, ó sì dùn mọ́ ọn. Ó wá kan "a dúpẹ́." Obìnrin mẹ́ta nínú mẹ́rin ló wí i. Bí ó bá kọ ọ́ pé òun kò mọ ohun tí wọ́n ní lọ́kàn, ìwádìí ti tú nìyẹn, ìdá kan nínú mẹ́rin ni yóò ṣẹ́kù, ìgbìmọ̀ sì ń kan ilẹ̀kùn lójoojúmọ́. Ó kọ òdo síwájú rẹ̀.

Ká ní àjèjì tí kò gbọ́ Yorùbá ló kọ ọ́ ni, à bá ní kó máa lọ, àìmọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ Òkè-Ààbò ni Ìbírónkẹ́. Ìyá tó bí i lọ́mọ ní egbò lọ́yàn tó jẹ ẹ́ dé eegun, àárọ̀ ọjọ́ tó kú, wọ́n kí i pé ṣé ó jí dáadáa, ó ní a dúpẹ́. Ó mọ̀. Ó mọ̀, ó sì kọ òdo, wọ́n sì fi ìwádìí náà ṣe òfin, wọ́n fi òun náà joyè ẹlẹ́rìí.

Ògiri tàn. Ojú Ọ̀gá Adégbìtẹ́, alága ìgbìmọ̀ ìlú, yọ níbẹ̀, ó gbòòrò ju bó ṣe rí lójúkojú lọ.

"Ìbírónkẹ́, àtàǹpàkò rẹ ń pẹ́. Ṣé kò sí?"

"Nǹkan wà, Ọ̀gá. Àṣìṣe wà nínú ìdájọ́ yìí."

"Ẹ̀rọ kì í ṣàṣìṣe."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ọ̀gá. Èmi ni mo ṣe é. Òdo tí mo kọ síwájú 'a dúpẹ́' ní ọjọ́sí, kì í ṣe òdo. Àwọn tó wí i, ó ń dùn wọ́n. Ìkíni ni wọ́n ń dá lóhùn. Àwòrán eegun náà kò sì lè fi í hàn, nítorí wọ́n dùbúlẹ̀ nígbà tí wọ́n ń yà á; bí ìyá bá dìde tó gbé ẹrù ni oríkèé yẹn ń yà."

Ó rò pé ẹnu á yà á. Ó rò pé ó máa bínú. Adégbìtẹ́ kàn mí kanlẹ̀ bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ bi ní ìbéèrè tó ti rẹ̀ ẹ́ láti dáhùn.

"Ìwọ nìkan lo rò pé o gbọ́ Yorùbá nílùú yìí? Àwa mẹ́sàn-án la jókòó tí a fọwọ́ sí ìwé yẹn. Ta ni nínú wa tí ìyá rẹ̀ kò kọ́ ní 'a dúpẹ́'? Orí tó lè ru búlọ́ọ̀kù là ń wá, Ìbírónkẹ́. O bá wa rí i. A dúpẹ́ lọ́wọ́ ìwọ náà."

"Àwọn tó ti já bọ́ lórí àtẹ̀gùn ńkọ́, Ọ̀gá?"

"Ẹsẹ̀ wọn yọ̀. Ó wà nínú ìwé."

"Ẹsẹ̀ wọn ò yọ̀."

"Kọ lẹ́tà, nígbà náà. Ìgbìmọ̀ ń jókòó ní oṣù mẹ́ta sí i, a ó kà á sí ọ létí. Ọmọ á lọ lónìí. Wọ́n á tọ́jú rẹ̀, kò sí ọmọ tó kú lọ́wọ́ wa rí. Tí o kò bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́, má tẹ̀ ẹ́. Bí ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá tó kù bá pé, ẹ̀rọ á tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀. A kàn fẹ́ kí ọwọ́ èèyàn wà níbẹ̀ ni, torí ojú ayé."

Ojú rẹ̀ lọ. Àwọn lẹ́tà gàdàgbà padà sípò wọn.

Àrinọlá kò sunkún. Ó na ọwọ́ sí ìyá ọkọ rẹ̀. "Màmá, ẹ gbé e wá kí n fún un lọ́yàn. Bóyá á yó títí wọ́n á fi gbé e débi tí wọ́n ń gbé e lọ."

Ohun tí Ìbírónkẹ́ lè wí ti tán. Lẹ́tà kò lè tó o, bẹ́ẹ̀ ni kíkọ̀ kò lè tó o. Ó gbójú sókè, ojú rẹ̀ sì bọ́ sára páálí tó wà lókè ilẹ̀kùn, irú èyí tó wà nínú gbogbo yàrá àyẹ̀wò ìlú náà, tó ti pẹ́ débi pé ojú kì í rí i mọ́.

ÒFIN ỌWỌ́. ỌWỌ́ ÈÈYÀN Ń ṢI Ẹ̀RỌ LỌ́NÀ. ARA TÍ A BÁ FI ỌWỌ́ TẸ EEGUN RẸ̀, Ẹ̀RỌ KÒ GBỌDỌ̀ ṢÈDÁJỌ́ RẸ̀ TÍTÍ OGÓJÌ ỌJỌ́. Ẹ̀YÌN NÁÀ NI ẸJỌ́ RẸ̀ YÓÒ BẸ̀RẸ̀ LÁTI ÌPÌLẸ̀.

Òun náà ló kọ ọ́. Nínú ìwádìí ọjọ́sí, ó ní kí wọ́n yọ gbogbo obìnrin tí ẹnì kan bá ti bá to eegun sẹ́yìn fún ogójì ọjọ́, kí ìtọ́jú má baà da ìṣirò òun rú. Ìgbìmọ̀ gbé e lódindi, wọ́n sọ ọ́ di òfin, wọ́n sì fi ìyà tiwọn lé e nísàlẹ̀: ìbọ̀wọ́ irin, títí ayé. Ó rí i lọ́wọ́ Alàgbà Ṣóyọmbọ̀ tó kọ́ ọ níṣẹ́, ọkùnrin tó lè fi ìka méjì mọ ibi tí oríkèé ti yẹ̀ kó o tó ṣí aṣọ. Ọdún mẹ́fà ni ìyàwó rẹ̀ fi ń fún un lóúnjẹ lẹ́nu. Kò lè nu ojú ara rẹ̀ nígbà tó bá ń sunkún.

Ẹ̀rù ba Ìbírónkẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni purọ́ fún yín pé ẹni tó fẹ́ ṣe rere kì í bẹ̀rù. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lórí itan rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ọmọ tó ń lọ ìrìn àjò. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, àwọn baba ló wí i. Wọn kò sọ ohun tí àgbà náà yóò san fún un.

"Màmá," ó wí, "ẹ yíjú síbòmíràn, kí wọ́n má baà ní ẹ jẹ́ ẹlẹ́rìí."

"Ojú tèmi ti rí jù bẹ́ẹ̀ lọ," Màmá Bánjọkọ fèsì. "Ẹ ṣe ohun tí ẹ fẹ́ ṣe."

Ìbírónkẹ́ dìde.

"Àrinọlá, na ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì. Má tẹ orúnkún. Gbé ọ̀tún sókè, kò ní ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ."

Àrinọlá gbé e. Ẹsẹ̀ kò lọ ibì kan. Itan rẹ̀ ń gbọ̀n, òógùn ń sun lórí imú rẹ̀, gìgísẹ̀ lẹ̀ mọ́ bẹ́ẹ̀dì bí ẹni fi ìṣó kàn án. "Kò gbé, Mà. Ó wúwo. Kì í ṣe ọ̀lẹ, mo fi Ọlọ́run búra."

"Mo mọ̀." Ìbírónkẹ́ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé ẹ̀gbẹ́ ìbàdí rẹ̀, ọ̀tún àti òsì, nísàlẹ̀ níbi tí eegun ti yọrí. Ọdún mẹ́wàá, ọwọ́ náà kò sì gbàgbé ibì kankan. Ó tẹ̀ ẹ́ wọlé láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó dì í mú ṣinṣin. "Gbé e báyìí."

Ẹsẹ̀ gbé.

Ó gbé wẹ́rẹ́, ó dúró lófuurufú, ìka ẹsẹ̀ ń mì. Àrinọlá wò ó, ó la ẹnu, igbe ẹkún tí kò sun látàárọ̀ sì jáde lẹ́ẹ̀kan. "Ó gbé! Màmá, ẹ wò ó, ó gbé!"

"Kò sí ohun tó ṣe ẹsẹ̀ rẹ," Ìbírónkẹ́ wí, kò tíì tú ọwọ́. "Ilé tó ń gbé e ló tú. Mo bá ọ dì í mú ni, ẹsẹ̀ sì rí ibi dúró lé. Ṣé o gbọ́? Ìwọ kọ́ lo ya ọ̀lẹ."

"Ọwọ́ èèyàn ti kan ara yìí," ohùn ìyá àgbà náà wí, bákan náà ló ṣe rọ̀ bí ìgbà tó ń kí kú ewu. "Ìdájọ́ ti di òfo. Ogójì ọjọ́. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ń bọ̀. Ẹ kú sùúrù."

Lẹ́tà gàdàgbà pa rẹ́ lára ògiri. Níta, orin dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀. Gbọ́mọgbọ́mọ pa ikùn rẹ̀ dé, ó yí táyà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó sì padà síbi tó ti wá.

"Ẹ fún mi ní ọ̀já," Ìbírónkẹ́ wí. Màmá Bánjọkọ tú ọ̀já lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé ọmọ sí Àrinọlá láyà. Ìbírónkẹ́ fi ọ̀já náà yí ìbàdí ọmọbìnrin náà ká, ó fà á le. "Ìsàlẹ̀ níbí ni ẹ ó ti máa dì í, Màmá, kì í ṣe ikùn. Kó dì í mú bí ọwọ́ mi ṣe dì í mú yìí. Bó bá fẹ́ yí lórí ẹní, kó fi ìrọ̀rí sáàárín orúnkún, kó yí lápapọ̀. Kó má ru nǹkan kan. Ogójì ọjọ́ kì í ṣe ìwòsàn, àmọ́ ọ̀pọ̀ ara ló ń ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀."

"Ẹ̀yin ńkọ́, Dókítà?" Àrinọlá bi í.

"Ẹ gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn lọ. Má sáré."

Ó wẹ̀yìn, ó rí wọn nínú gíláàsì: obìnrin mọ́kànlá, ọmọ mọ́kànlá. Gbogbo wọn ti rí i. Àtẹ̀gùn tí àwọn ẹ̀ṣọ́ yóò gbà jìn díẹ̀, bóyá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, bóyá kò tó bẹ́ẹ̀. Ìyà ẹnì kan àti ìyà èèyàn mọ́kànlá, ìbọ̀wọ́ kan náà ni. Ó ṣí ilẹ̀kùn gbayawu.

"Ta ni nǹkan ń dùn nínú yín?"

Wọ́n wojú ara wọn. "A dúpẹ́, Dókítà," ni wọ́n wí, ohùn kan náà.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Òun náà ti bi wọ́n bí ẹ̀rọ ṣe ń bi wọ́n. "Ẹ máa bínú. Ẹ dìde, ẹ máa rìn bọ̀ lọ́dọ̀ mi lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, kí n wo ẹsẹ̀ yín."

Ìkíní kò tíì rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tí Ìbírónkẹ́ fi mọ̀. Ó kúnlẹ̀ nílẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbẹ̀, ó tẹ ìbàdí obìnrin náà, ojú ẹ̀rọ tó wà lókè ilẹ̀kùn rí i, ẹ̀rọ ní "ogójì ọjọ́," Ìbírónkẹ́ ní kó máa lọ. Ẹnì kejì. Ẹnì kẹta kọ̀, ó ní, "Ẹ má fọwọ́ kàn mí, Dókítà, wọ́n á ní mo bẹ̀ yín," ó gbé ọmọ rẹ̀, ó sá jókòó sí ìkángun bẹ́ǹṣì. Kò bá a jà. Ẹnì kẹrin, ẹnì karùn-ún. Ara kan gbóná, ara kan le bí pákó, ọmọbìnrin kan tí kò ju ogún ọdún lọ ń gbọ̀n kó tó fọwọ́ kàn án. Ohùn Adégbìtẹ́ jáde lára ògiri, ó ní, "Ìbírónkẹ́, mélòó lo rò pé ọwọ́ méjì lè tó?"

Ẹnì kẹfà.

Ìró bàtà àwọn ẹ̀ṣọ́ ti ń dún nísàlẹ̀ nígbà tó dé ọ̀dọ̀ ẹnì keje, obìnrin tó sanra, àgbà díẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, ọmọ karùn-ún rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Òun ni ohùn rẹ̀ ròkè jù nígbà tí wọ́n ní a dúpẹ́. Ó dúró gbọn-in.

"Ìyá wa, níbo ni?" Ìbírónkẹ́ bi í. Ó ti rẹ ìka rẹ̀, kò rí ibẹ̀ kíákíá lábẹ́ ẹran ara. "Ẹ ràn mí lọ́wọ́, wọ́n ti dé. Níbo ni?"

Ẹ̀ṣọ́ mẹ́ta wọ inú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìkẹta gbé àpótí dání, ó ń ṣí i bó ṣe ń bọ̀. Obìnrin náà wò wọ́n. Ó wo àpótí náà, ó wo ojú ẹ̀rọ lókè ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ló di ọwọ́ òsì Ìbírónkẹ́ mú, ó gbé e kúrò níbi tó wà, ó sì fi lé ibòmíràn, nísàlẹ̀ ẹ̀yìn, lápá òsì.

"Ibí ni, Dókítà," ó wí, kò sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Láti orí ọmọ kejì ni. Ọdún mẹ́sàn-án. Ó ń pa mí."

Wọ́n ti fa ọwọ́ ọ̀tún Ìbírónkẹ́ sẹ́yìn, irin tútù ti ń pa ìka rẹ̀ dé lọ́kọ̀ọ̀kan. Obìnrin mẹ́rin ṣì wà lórí bẹ́ǹṣì tí kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó fi gbogbo agbára tó kù nínú ọwọ́ òsì tẹ ibi tí wọ́n fi hàn án, ó sì dì í mú níbẹ̀ títí ẹ̀rọ fi ní, "Ogójì ọjọ́."